Ìyá Á-Dàgbà-Bá-A àti Ẹ̀wù Ojú Omi

Ọmọbìnrin kan nínú agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnká wá jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà láìpẹ́ yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé girama ni. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ṣé ó dáa?" Mo ní ó dáa. Ó ní, "Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ṣe tiyín fún mi." Mo ní kó dìde níwájú mi, kó lọ bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀wà.

Kì í ṣe pé n kò ní ohun tí mo lè sọ. Ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, ara mi ò lélẹ̀. Àgbà tó ń fi ibi tí iṣẹ́ ti dùn han ọmọdé, tó wá fi ibi tó ti kọsẹ̀ pamọ́, ó ti tan ọmọ náà jẹ nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, ẹ sún mọ́ mi níbí. Ràbí ni orúkọ mi. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo fi jẹun láti ìgbà èwe mi títí orí mi fi funfun. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe mọ iṣẹ́ náà tó, àti bí mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dójú tì mí ní gbangba, lójú àwọn àna mi.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Jímọ̀ ní Àrẹ̀mọ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Aṣọ ọmọdé nìkan ni Bàbá Jímọ̀ ń rán: aṣọ ìkómọ, yunifọ́ọ̀mù, aṣọ Iléyá. Ọkùnrin tínrín ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti wo èèyàn báyìí, onítọ̀hún á yára tẹjú mọ́ iṣẹ́. Mo pẹ́ nídìí ká gbálẹ̀, ká ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́, ká fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, kó tó gbà kí n fọwọ́ kan maṣíìnì. Áyọ́ọ̀nù yẹn pàápàá! Bí eérú bá fò jáde níbẹ̀ tó bà lé aṣọ funfun, ó di ìwọ àti Ọlọ́run.

Nígbà tó wá gbà kí n dá aṣọ rán, gáùn ọmọdébìnrin kan ló kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Mo fi gbogbo ọkàn rán an. Nígbà tí ìyá ọmọ gbé e wá, tí a wọ̀ ọ́ fún un, ó bá a mu rẹ́gí, bíi pé wọ́n bí ọmọ náà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Inú mi dùn, mo ń retí kí ọ̀gá yìn mí.

Bàbá Jímọ̀ ní, "Ràbí, ṣé ìwọ lo rán èyí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Ó bá ọmọ yìí mu?"

"Ó bá a mu gan-an ni, sà."

Ó ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ó mú bíléèdì, ó tú aṣọ náà láti apá dé etí, lójú ìyá ọmọ, lójú gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́. Ó wá ní, "Olè ni ọ́. Lónìí ó bá a mu. Lọ́la ńkọ́? Ṣé ọmọ máa dúró sójú kan dè ọ́ ni? Ẹni tó bá rán aṣọ tó bá ọmọ mu rẹ́gí, àpò bàbá ọmọ ló ń jà lólè." Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé aṣọ tó ti tú náà sókè lọ́wọ́ méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé aṣọ ọmọdé, à ń fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Ìka mẹ́ta ni Bàbá Jímọ̀ máa ń ká sínú ní etí ìsàlẹ̀, ìka méjì lẹ́nu ọwọ́, á tún fi díẹ̀ pamọ́ sí ìhà méjèèjì. Bí ọdún Iléyá bá tún dé, wọ́n á gbé aṣọ náà padà wá, a ó tú ìká kan, a ó lọ̀ ọ́, ó di tuntun nìyẹn. Bí ẹ̀gbọ́n bá wọ̀ ọ́ tán, àbúrò á gbà á. Mo kọ́ ọ débi pé, tí mo bá kàn fi ojú wo ọmọ, mo ti mọ bó ṣe máa ga tó lọ́dún tó ń bọ̀. N kì í lo téèpù mọ́. Ojú mi ni téèpù.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán, tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bẹẹrẹ, níbi tí èèyàn ti lè na ọrùn wo gbọ̀ngàn Màpó lókè. Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Ó ń wá, ó ń lọ, ó tó jẹun. Maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn á máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí, tí á máa fi tòsì darí aṣọ. Lẹ́yìn náà mo ra ẹlẹ́sẹ̀. Àṣé ìgbádùn wà láyé! Ọwọ́ mi méjèèjì bọ́. Nígbà tó yá, gbogbo ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná, èmi náà ra ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, orí ẹlẹ́sẹ̀ mi ni wọ́n tún ń wá tò sí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni aṣọ tí wọ́n ti rán tán láti òkè òkun ya wọ ọjà bí omi òjò, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwa télọ̀. Kò pa mí. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Aṣọ òkè òkun ò ní ìká nínú. Bó bá ti há mọ́ ọmọ, ó parí. Tèmi ń bá ọmọ dàgbà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún mi lórúkọ. Ìyá ọmọ á wo aṣọ, á ní, "Ìyá, ó mà tóbi o." Èmi á ní, "Á dàgbà bá a." Bó ṣe di pé gbogbo Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba ń pè mí ní Ìyá Á-Dàgbà-Bá-A nìyẹn. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju Alhaja lọ. Ọdún kan wà tí ọmọkùnrin kan tẹ ṣòkòtò tí mo rán fún un mọ́lẹ̀ ní yídì, níbi ìrun ọdún, tó ṣubú lulẹ̀ gbì, tí fìlà rẹ̀ fò lọ bá lèmọ́mù níwájú. Ìyá rẹ̀ wá bá mi jà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kó wá wò ó bóyá á tún ṣubú. N kò fi ti ìṣubú ọmọ ṣe nǹkan kan.

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn ni Múínátù. Inú ṣòkòtò rírọ́ àti gáùn kíká ló ti dàgbà, kò sì ráhùn rí. Ó fẹ́ Táófíìkì, ọmọ etí ọ̀sà níhà Ẹ̀pẹ́, ọmọ dáadáa ni. Nígbà tí Múínátù bímọ, ọ̀dọ̀ mi ní Bẹ́yẹrúnká ló wà, èmi ni mo ń wẹ ọmọ. Hàmídà ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ lèmi ń pè é. Ìyá tó bí bàbá Táófíìkì ò lè wá síbi ìkómọ, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ wá kí ojú òun tó pa dé. Abúlé wọn wà lódìkejì ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ló ń débẹ̀. Táófíìkì ní òun ò ní gbé ọmọ òun wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó wọ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀wù ọmọdé kẹ̀! Ta ni wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́ ẹ̀wù ọmọdé bí kò ṣe èmi?"

Múínátù ní, "Màámi, wọ́n ní kílò ọmọ ni wọ́n fi ń rà á, kì í ṣe ọjọ́ orí o. Ẹ jẹ́ kí n gbé e tẹ̀ lé yín, kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò."

"Nínú oòrùn ọjà Gbági? Jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti mọ ọmọ mi."

Ọkùnrin kan wà ní Gbági tó ń ta ọkọ̀ rọ́bà, bọ́ọ̀lù aláfẹ́fẹ́ àti ohun ìwẹ̀dò. Ó gbé ẹ̀wù náà jáde, kékeré, pupa fòò, tìmùtìmù, tó ní kọ́là ńlá lẹ́yìn tí orí ọmọ máa sùn lé, àti okùn kan tó ń gba abẹ́ itan kọjá. Ó ní èyí ni ti ọmọ ọwọ́. Mo gbé e sókè, mo wò ó, mo ní, "Èyí? Kí oṣù méjì tó pé, ó ti há. Kò ní dé ọdún Iléyá. Gbé èyí tó tẹ̀ lé e wá."

Ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú. Èyí ò dà bí aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ há mọ́ ọn ni. Ẹ lọ gbé ọmọ wá. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún un tán, ẹ di èjìká ẹ̀wù mú, ẹ fà á sókè. Bó bá gun orí àgbọ̀n rẹ̀, ó tóbi nìyẹn, ẹ má gbé e lọ."

Ẹ wo ẹnu tí mo fi dá a lóhùn: "Bọ̀dá, kí wọ́n tó bí yín ni mo ti ń wọ ọmọ láṣọ." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ra èyí tó tóbi. Lọ́kàn mi, Àbẹ̀kẹ́ á lò ó títí á fi rìn, àbúrò rẹ̀ á gbà á. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà. Mo wà lọ́jà.

Nígbà tí a wọ̀ ọ́ fún ọmọ nílé, kọ́là rẹ̀ bo etí rẹ̀ méjèèjì. Okùn abẹ́ itan gùn jù, ó kàn ń fì dirodiro. Múínátù fajú ro díẹ̀, ó ní, "Ó mà tóbi, Màámi."

Mo ní, "Á dàgbà bá a."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò bi mí léèrè mọ́. Ó gbà mí gbọ́, nítorí pé kò sí aṣọ kan tí mo rán fún un rí tó já a kulẹ̀. N kò di èjìká ẹ̀wù náà mú, n kò fà á sókè, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni.

Nígbà tí a dé èbúté, tí a fẹ́ wọ ọkọ̀, awakọ̀ ojú omi wa, ọkùnrin tó ti lé lógójì, wo ọmọ lẹ́yìn ọrùn. Ó ní, "Màmá, ẹ̀wù yìí tóbi fún un o. Mo ní kékeré kan nínú àpótí mi, ó ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n á bá a mu."

Gbígbó tó ní ó ti gbó ló bí mi nínú. Kí n gbé ọmọ-ọmọ mi lọ síwájú àna nínú àkísà? Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ránṣọ ni, àbí èmi?"

Ó wo Táófíìkì. Táófíìkì wo Múínátù. Múínátù wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Màámi mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "Màámi mọ̀ ọ́n," kò tíì kúrò létí mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Omi pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà. A gúnlẹ̀ láìsí wàhálà. Àwọn àna mi ti tò sétí omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá Táófíìkì, lé orí àga, aṣọ funfun ló wọ̀. Múínátù dìde, ó gbé ọmọ dání, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó èbúté. Ìgbà náà ni ọkọ̀ ńlá kan sáré kọjá lọ́hùn-ún, ìgbì rẹ̀ wá gbá ọkọ̀ wa, ọkọ̀ wa sún kúrò lára pákó. Múínátù ṣubú sáàárín, ọmọ sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi.

Ẹ̀wù náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó léfòó kíá, pupa fòò, lórí omi. Ọmọ ò sí nínú rẹ̀.

Mo rí i. Ojú mi tí mo ń fi yangàn pé téèpù ni, òun náà ló rí i. Ẹ̀wù lọ sókè, ọmọ gba abẹ́ rẹ̀ yọ lọ sísàlẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ké "Yéè! Yéè!" n kò mọ̀ pé èmi ni. Awakọ̀ fa Múínátù gun pákó, Táófíìkì ti bẹ́ sómi. Omi ò ju àyà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ni àyà àgbàlagbà jẹ́ fún ọmọ ọwọ́? Ó tẹrí bọmi, ó fọwọ́ wá a nínú ẹrẹ̀, ó dìde lásán. Ó tún tẹrí bọmi. Nígbà tó tún máa dìde, ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ jáde.

Kò ké. Wọ́n gbé e fún Ìyá Àgbà lórí àga. Obìnrin tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbé e. Ó dojú ọmọ dé orí apá rẹ̀, ó gbá a lẹ́yìn, ó tún gbá a, omi tú jáde lẹ́nu àti nímú. Ọmọ wúkọ́, ó wá figbe ta. Kò sí ohùn tó dùn tó igbe yẹn létí mi láyé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹrẹ̀ bí ọkùnrin, tàgbà-tàgbà, tòun tìborùn Alhaja lọ́rùn mi.

Ìyá Àgbà ní, "Àna mi, ẹ dìde nílẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó ní kí wọ́n fa ẹ̀wù náà jáde nínú omi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ta ló rà á?"

Omi ń ro lára Múínátù, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

"Ẹ rà á kó lè pẹ́ lára rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Kò bínú. Ì bá jẹ́ pé ó bínú ni! Ó rọra fún omi kúrò létí ẹ̀wù náà, ó ní, "Àwa náà ń rán aṣọ ńlá fún ọmọ wa níbí. Ta ni kì í ṣe é? Ṣùgbọ́n ẹ̀wù omi yàtọ̀, àna mi. Omi kì í dúró de ọmọ kó dàgbà."

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ náà mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n se oúnjẹ, wọ́n kẹ́ wa, wọ́n ò mẹ́nu bà á mọ́. Nígbà tí a ń padà, awakọ̀ yẹn gbé ẹ̀wù kékeré inú àpótí rẹ̀ wá. Ó wọ̀ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó fà á sókè. Ẹ̀wù ò yẹ̀ kúrò lójú kan. Mo bojú wo omi.

Wọ́n yẹ ọmọ wò nílé ìwòsàn ní Yemetu, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà Múínátù fúnra rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ rẹ̀. Kò bú mi, kò bá mi jà. Bí mo bá na ọwọ́, á ní, "Ẹ sinmi, Màámi." Kò pẹ́ tó fi padà sílé ọkọ rẹ̀. Ní Bẹẹrẹ, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ṣì ń pè mí bí wọ́n ṣe ń pè mí: "Ìyá Á-Dàgbà-Bá-A, ẹ kú iṣẹ́ o!" Bí wọ́n bá ti pè é báyìí, ẹ̀wù pupa yẹn ni mo ń rí. Ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ wá kí n rán aṣọ fún un, mo gbé àlùmọ́gàjí, n kò mọ ibi tí mo máa gé. Mo dá aṣọ rẹ̀ padà. Mo ní ojú ń dùn mí. Mo gbé maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mi wálé, mo fi aṣọ bò ó, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé ogbó ni.

Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, Múínátù wá. Ó gbé Àbẹ̀kẹ́ pọ̀n, ó mú àńkárá kékeré kan dání. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ omi yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ṣí àpótí ìránṣọ mi, ó wá téèpù tí n kò lò láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Màámi, ẹ wọ̀n ọ́n."

Mo ní, "Múínátù, ojú ń tì mí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n."

Mo wọ̀n ọ́n. Àyà rẹ̀, apá rẹ̀, ọrùn rẹ̀, mo tún un wọ̀n. Mo ṣí maṣíìnì, mo rán gáùn náà láìká ìka kan sínú. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, ó bá a mu rẹ́gí. Mo ní ká ní Bàbá Jímọ̀ wà láyé ni, bíléèdì ni ì bá mú. Múínátù rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nítorí náà, ọmọbìnrin tó wá bi mí léèrè, lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó dáa. Gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ iṣẹ́ mìíràn bá ń sọ ti iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ, má fi tìrẹ pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, ní Gbági àti ní èbúté, lẹ́ẹ̀mejì.

Lánàá òde yìí Múínátù tún wá, ó mú gáùn Iléyá yẹn dání. Ó ní bọ́tìnnì rẹ̀ ò kàn mọ́, apá rẹ̀ ò wọlé mọ́, ó ti há mọ́ Àbẹ̀kẹ́ pátápátá, ó ti di ohun tí à ń fi nulẹ̀. Owó àńkárá ti wọgbó. Ó wo ojú mi bóyá màá bínú.

Mo gba gáùn náà, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi. Ó kéré. Ọmọ ti dàgbà kọjá rẹ̀. Mo ní, "Alhamdulillah."